Ìyàwó Mi Fẹ́ Lọ, Egbò Rẹ̀ Kò Tíì Jiná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí oorun ò kùn mí mọ́. Lọ́la ni ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi náà ní òun fẹ́ lọ. Egbò ìdí rẹ̀ kò sì tíì jiná!

Télọ̀ ni mí nílùú Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ni mo ti ń ránṣọ. Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò tí ìyàwó mi wọ̀ bọ̀ láti ilé ìyá rẹ̀ gbókìtì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ìgbà náà, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ ohunkóhun lára mọ́. Nígbà tí ọsibítù ní ká máa lọ sílé, mo rò pé ká ṣáà fún un lóúnjẹ, ká wẹ̀ ẹ́, ká tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó parí. Àṣé ibi tó ń fi ara lé ti ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀! Kò dùn ún, báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo yí i padà ni mo rí ihò tó wà lókè ìdí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ìjọba kan tó máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò nílé ló yọ wá. Kò bú mi. Ó fi omi iyọ̀ tí a sè tó ti tutù fọ egbò náà, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, oògùn wo lẹ rò pé ó máa wo èyí sàn tí ó bá ṣì ń sùn lé e? Ẹ máa yí i padà, tọ̀sán-tòru." Bí mo ṣe gbé maṣíìnì mi wọ yàrá rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá rán aṣọ díẹ̀, mà á dìde yí i sí ọ̀tún. Bí mo bá tún rán díẹ̀, òsì. Mo fi àjákù aṣọ rán tìmùtìmù kéékèèké tí mo ń kì sáàárín orúnkún rẹ̀. Nígbà SAP tí ìjọba fi sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n yìí, ta ló ń rí báńdéèjì rà? Aṣọ funfun ni mo ń ya, mo ń sè é, mo ń sá a, mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Egbò tó lè gba ẹyin adìẹ tẹ́lẹ̀ kò ju èékánná lọ mọ́.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, wá kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ egbò. Ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, o ṣeun, o ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ. Jẹ́ kí n gbé e lọ sílé àdúrà wa, kí àwa ìyá máa tọ́jú rẹ̀." Mo mọ ilé àdúrà yẹn. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì fún aláìsàn. Èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ ta ni yóò máa yí i? Mo yíjú sí ìyàwó mi kó bá mi kọ̀ ọ́. Ó ní òun á lọ.

Nígbà tí ìyá ti lọ, mo bi í pé kí ni mo ṣe.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọlé, ìdí mi lẹ ń wò. Ìgbà wo lẹ ti wo ojú mi gbẹ̀yìn? Mi ò fẹ́ di egbò lójú ọkọ mi."

Mo sáré tọ nọ́ọ̀sì lọ. Ó ní bí wọn ò bá yí i, egbò náà lè ṣí padà, ó tilẹ̀ lè pa á. Ó ní ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ni ara rẹ̀, a ò lè dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá fi agídí dá a dúró, egbò á jiná, àmọ́ ṣé yóò tún máa bá mi rẹ́rìn-ín? Àbí kí n pa iṣẹ́ télọ̀ mi tì, kí n tẹ̀ lé e lọ sùn sáàárín àwọn ìyá wọ̀nyẹn? Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo jókòó ti ìyàwó mi, ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ó ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹ̀rù tó ń bà mí ti fẹ́ máa ba òun náà.