Jákẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lórí Àga Mi

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, mo ṣì wà láàyè. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dárí jì mí o. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lè pa irú wa, fáìlì mi sì wà lórí tábìlì kan níbì kan, ó ń dúró. Ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ń sọ pé ó di ọ̀la. Láràárọ̀ tí mo bá gbọ́ ìró bàtà wọ́dà, màá dìde dúró. Tó bá kọjá lọ, màá mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà inú á bí mi. Kí ni wọ́n ń dúró dè gan-an? Ẹ pa mí, tàbí kí ẹ fi mí sílẹ̀! Ìgbà yẹn ni màá rántí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, màá sì pa ẹnu mi mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni èmi náà fi jókòó lé fáìlì ẹlòmíì.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Tí ẹnì kan bá ń ṣẹjọ́ lórí ilé, tí ilé ẹjọ́ sì ní kó lọ gba ẹ̀dà ìwé rẹ̀ wá lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Màá wá fáìlì rẹ̀ lórí pẹpẹ, màá ṣe ẹ̀dà, màá lu òǹtẹ̀, màá gbé e lọ bá ọ̀gá wa kó fọwọ́ sí i. Ó parí. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo ṣe fáìlì mẹ́sàn-án. Àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi sì ti fi mí yangàn fún gbogbo agbo ilé pé ọmọ òun ti di òṣìṣẹ́ ìjọba, ara mi yá gágá. Mo kó fáìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Ẹnikẹ́ni ò lé mi, sà."

"Ṣé o fẹ́ parí iṣẹ́ ìjọba lọ́sẹ̀ kan ni? Tó o bá wá parí ẹ̀, kí la máa ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Gbé e síbẹ̀ jàre."

Mo gbé e síbẹ̀. Fáìlì ti ga lórí tábìlì ọ̀gá débi pé tó bá jókòó, fìlà rẹ̀ nìkan là ń rí. Mẹ́sàn-án tèmi wà níbẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Àwọn tó ni fáìlì náà ń wá bá mi, wọ́n ń bú mi, èmi tí mo ti ṣe ipa tèmi. Ó sú mi. Mo ní, kí ni mo tilẹ̀ ń sáré sí? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀bẹ ni apànìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má tan ara yín jẹ.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni mo ti kọ́ ọgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti di agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀gá á fi fìlà àti jígí ojú rẹ̀ sórí tábìlì, á ṣí ìwé ìròyìn kalẹ̀, á sì gba ibi tí wọ́n ti ń gé bulọ́ọ̀kù fún un l'Òkè Padre lọ. Ẹni tó bá yọjú á rò pé ilé ìtọ̀ ló yà sí. Èmi ra jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú kan nínú aṣọ òkìríkà l'Ọ́jà'ba. Tí mo bá ti dé láàárọ̀, màá fi kọ́ ẹ̀yìn àga mi. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Mo lè lọ wo bọ́ọ̀lù, mo lè lọ gẹrun, mo lè padà sílé lọ sùn. Ihò kan wà lára ọgbà lẹ́yìn ilé tí gbogbo wa ń gbà yọ́ jáde kí Bàbá Gèètì, ẹ̀ṣọ́ wa, má baà rí wa. Jákẹ́ẹ̀tì mi sin ìjọba jù mí lọ. Kò pa iṣẹ́ jẹ rí.

Ọ̀gá mọ̀. Ó tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan pé kí n fọ jákẹ́ẹ̀tì náà, pé ó ti ń rùn bí òṣìṣẹ́ àgbà. Kò kọ ìwé ìkìlọ̀ sí mi rí. Báwo ni yóò ṣe kọ ọ́? Èmi náà mọ ibi tí fìlà rẹ̀ ń sùn.

Nígbà tó yá ni Màmá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Opó ni, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé inú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Àrẹ̀mọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé náà mọ́ ọn lórí, wọ́n ní bàbá àwọn ló ni ín. Ikán ti jẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan ló lè fi hàn pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀.

"Ọmọ mi, má bínú o," ó ní fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín."

Iṣẹ́ wo? Géèmù ni mò ń gbá lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ padà wá lọ́la."

Ó padà wá lọ́la. Ó padà wá lọ́túnla. Ó wá nínú òjò, ó wá nígbà tí orúnkún rẹ̀ wú tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Odindi oṣù méje ni mo fi fòní dónìí, fọ̀la dọ́la fún un. Mi ò bá a jà rí, mi ò sì bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá a padà. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, ọ̀gá sì pè mí.

"Kí ló dé tó ò tíì ṣe ti Màmá?"

"Màá ṣe é, sà."

"Ṣe é kíákíá o!"

Màmá dúpẹ́ títí. Ọ̀gá kò sì bèèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni kíákíá tó wí, èmi náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n wá kéde pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti kó gbogbo ìwé wọ inú kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú kó èyí tí kò tíì ṣe síta. Tèmi kún àpò mẹ́fà. Ti ọ̀gá kò lóǹkà. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ó wá bá mi ní yàrá fáìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó sórí tábìlì mi, ó wo àwọn àpò náà, ó mi orí.

"Ká ní iná lè jó yàrá yìí, èmi àti ìwọ ì bá sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nílé ẹjọ́, ó ní eré lòun ń ṣe, mo sì gbà pé eré ló ń ṣe. Ọwọ́ mi ló ṣáná, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe é tí kò fi sọ pé, "Jókòó, jẹ́ ká jọ ṣe ìwọ̀n tá a bá lè ṣe"? Kí ló ṣe èmi náà tí mi ò fi sọ ọ́? Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀! Mẹ́rin! Mo ti ṣírò rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀wọ̀n yìí láìmọye ìgbà, à bá ti ṣe ju ìdajì lọ. Ó máa ń bí mi nínú débi pé màá fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti di agogo kan ọ̀sán, ọ́fíìsì wa máa ń dá páropáro. Àwọn Mùsùlùmí á lọ kírun, àwa Kìrìsìtẹ́ẹ́nì náà á tẹ̀lé wọn jáde, bí ẹni pé mọ́sáláṣí kan náà là ń lọ. Jákẹ́ẹ̀tì mi wà lẹ́yìn àga bó ṣe máa ń wà. Mo gba inú ihò jáde, mo lọ ra kẹrosíìnì sínú ike. Nígbà tí mo padà dé, mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Mo dà á sórí àwọn àpò, mo ṣáná sí i, mo jáde, mo sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà tètè pa iná náà. Mo rìn lọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó, mo ra gúgúrú, kí àwọn èèyàn lè rí mi níbẹ̀.

Ìgbà tí èéfín ti gba ojú ọ̀run ni mo sáré padà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bàbá Gèètì ká ọwọ́ lórí.

"Màmá Tíṣà wà nínú ẹ̀ o!"

"Ta ló ní kí wọ́n wọlé?"

"Wọ́n bi mí bóyá o wà lórí síìtì. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí jákẹ́ẹ̀tì ẹ. Mo ní o wà, o ò lè rìn jìnnà, kí wọ́n wọlé lọ jókòó dè ẹ́."

Màmá ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, oorun sì ti gbé e lọ kí n tó dé. Irin ni wọ́n fi dí gbogbo fèrèsé. A ń gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn ń fi òkúta lu àgádágodo, wọ́n ń pariwo pé, "Kọ́kọ́rọ́ dà? Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo fọwọ́ kàn án. Mo rò ó pé tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ nínú ara mi pé, jẹ́ kí n ní sùúrù díẹ̀ ná, bóyá wọ́n á já a. Ẹ gbọ́ mi o: díẹ̀ ná! Ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá sọ fún gbogbo ẹni tó wá sídìí tábìlì mi, òun náà ni mo sọ lójú iná. Nígbà tí mo máa fi yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ọ̀pá ti dákẹ́.

Nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ló máa ń gbà yín láti ṣe ẹ̀dà irú ìwé yìí?"

Mo ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà."

Adájọ́ gan-an gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin Màmá Tíṣà wá wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà lòun náà. Ó ní wọ́n ti ta ilé náà, pé òun ò wá bú mi.

"Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn rí?"

Mo fẹ́ parọ́ fún un pé mo ti ṣe é dé ìdajì, ahọ́n mi kọ̀. Mo ní, "Mo fà á yọ lórí pẹpẹ. Mo gbé e sábẹ́ tábìlì kí n má baà gbàgbé."

Ó dìde, ó lọ. Inú mi ì bá dùn ká ní ó gbá mi létí.

Wọ́n ní kí ọ̀gá wa fẹ̀yìn tì, ó wà nílé rẹ̀. Mi ò ní kó bá mi pín ikú mi, èmi ni mo pa Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá níbi gbogbo, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, tó ń sáré, tó kó fáìlì mẹ́sàn-án wá bá yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i fún un. Ẹ má bi í pé ta ló ń lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ padà lọ gbé e lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tún padà lọ lọ́jọ́ kẹta, títí ọ̀rọ̀ yín yóò fi sú u. Èmi kò padà lọ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti fi ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ sórí fìlà ọ̀gá.

Mo ń dúró de ìwé tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà yín báyìí, tó ti rí jákẹ́ẹ̀tì yín, tó sì gbà pé ẹ ò lè rìn jìnnà. Ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ẹ lọ dá a lóhùn.