Ibi Tí Omi Ń Gbà Jáde

Ọkọ̀ Narayi tí mo wọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television kò tíì kún nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ìyá kan tó gbé agbọ̀n irú sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ yànmọ̀tí, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní rídí.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹta la fọ̀ ọ́, àwọn oníbàárà ṣì ní iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́?"

"A ó dà á sí táǹkì, a ó bomi sí i, ẹ̀rọ á rò ó. Lẹ́yìn náà la ó ṣí ìsàlẹ̀, kí omi gba ara asẹ́ jáde."

"Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Haba! Témi bá ń fọ irú, omi orí ni mo máa ń dà nù kí ìdọ̀tí tó rọlẹ̀. Tiyín, ẹ fọ̀ ọ́ tán, ẹ wá sọ yànmọ̀tí fúnra rẹ̀ di asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí ara rẹ̀ dúró."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, ọ̀dọ́kùnrin náà tún yíjú sí ìyá náà.

"Màmá, ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ rà, èmi ni mo yàn án. Ìsàlẹ̀ náà lòun náà ti ń da omi. Ó kàn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni."

"Ṣé wọ́n ti rà á?"

"Ọ̀la ni ọ̀gá máa fọwọ́ sí i."

"Tóò, lọ bá a láàárọ̀, kó o sọ fún un pé o ṣe àṣìṣe."

"Ìtìjú yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Orí omi ló ṣì wà. Tètè dà á nù kó tó rọlẹ̀."