Rédíò Tí Mo Gbé Lé Dísìkì Akosua

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Yàkúbù, jókòó. Ràzíátù, gbé oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí ń lé oorun lójú mi kì í ṣe àìsàn. Ọdún méje ni mo ti fi í pamọ́ fún yín, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Èmi nìyí, ilẹ̀ ti ń pè mí.

Ẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Kwaku ní Fante New Town, kí kọ̀ǹpútà tó dé lọ́dún 1991. Wọ́n gba Akosua, ọmọbìnrin kan láti àdúgbò Krofrom, pé kó máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ní, "Táhírù, bí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, mi ò ní nílò ẹni tí ń to òjé mọ́." Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Mo ń ka ọjọ́. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dún báyìí, àyà mi á já. Ìyá yín bi mí títí, mo ní ibà ni. Irọ́ ni mo pa!

Akosua ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Wofa ló ń pè mí, bí ẹni pé èmi ni àbúrò ìyá rẹ̀. "Wofa, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé rédíò yín sún mọ́ dísìkì mi o. Òòfà inú rẹ̀ á pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àgbàyà lásán!

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ní ìwé ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ kírun. Wàllàhí, mi ò dé mọ́ṣáláṣí. Bí Akosua ṣe jáde lọ ra kẹ́ǹkè jẹ, mo gba ẹ̀yìn wọlé, mo gbé rédíò lé àpótí dísìkì rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ̀rọ fi ń jí, tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, mo wá ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń lọ ata. Ọkàn mi ní, "Táhírù, gbé e kúrò!" Mi ò gbé e kúrò.

Nígbà tó dé, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá figbe ta: "Akosua, kí lo fọwọ́ bà? Àwọn olókùú ti ń bọ̀!" Akosua ń sunkún, ó kọjú sí mi: "Wofa, àbí oòrùn ni mo sá dísìkì sí?" Mo jókòó ti òjé mi, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti to gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn: "Ọwọ́ àgbà ni ọwọ́!" Ojú mi báyìí ló ṣe lé Akosua kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kó tó lọ, ó fi ìwé kékeré kan lé mi lọ́wọ́, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà ló kọ síbẹ̀. "Wofa, wọ́n á ṣáà tún un ṣe. Ẹ kọ́ ọ, kí wọ́n má baà lé ẹ̀yin náà. Ẹ lọ́mọ." Ẹ gbọ́ o! Ìwé yẹn ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Orí àga Akosua ni mo jókòó sí tí mo fi rán yín nílé-ìwé.

Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Yàkúbù, mú un lọ sí Krofrom. Sọ fún Akosua pé kì í ṣe oòrùn ló ba dísìkì rẹ̀ jẹ́, rédíò Táhírù ni. Kó gbọ́ tán kí o tó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ̀rọ tuntun bá dé ibi iṣẹ́ yín, ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ká ní mo bi Akosua ni, ì bá kọ́ mi.

Yáa máa lọ. Bó bá fẹ́ wá bú mi, kó bá mi láàyè.