Kókó Ọlọ́wọ́ Òsì

Ní èbúté Ajégúnlẹ̀, bí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì tí wọ́n tò síwájú mi. Èyí àgbà gbé ọ̀pá ìwọ̀ dání.

“Ẹ̀gbọ́n apẹja, ẹ tún ń lọ? Àwa yòókù ti jáwọ́ látìgbà tí a ti sin ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ wa ní ìwọ̀ jíjù.”

“Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán, àbúrò. Mo ti mọ bí a ṣe ń ju okùn, àmọ́ kókó tí a fi ń so ìwọ̀ oníyẹ́, èyí tó ń tan ẹja bíi kòkòrò, mọ́ okùn ṣì ń tú mọ́ mi lọ́wọ́. Ní Sátidé, mo so ó wúruwùru, mo jù ú sódò. Nígbà tí mo fà á padà, kókó náà ti le dáadáa.”

“Omi ló fún un pọ̀.”

“Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ta á. Ta ni ọlọ́wọ́ òsì nínú wa, bí kò ṣe ọ̀rẹ́ wa yẹn?”

Èyí àbúrò di ọ̀pá náà mú. “Ẹ gé okùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ìyàwó yín ń bẹ nílé.”

“Mo gé e. Mo so òmíràn, mo jù ú. Ó tún un so fún mi.”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń ròyìn oore: ó tún un so fún mi.

“Ẹ̀rù ò bà yín?”

“Ó bà mí. Àmọ́ nígbà kẹta, ó rọra ń so ó. Mo ń mọ̀ ọ́n lára okùn, bó ṣe máa ń dúró kí n lè tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ìyípo tó kẹ́yìn nìkan ni kò yé mi. Lónìí, mo máa ki ojú bọ omi, kí n lè rí i.”