Ẹni Tó Gé Aṣọ Ìyá Nwakaego

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí ráìsì yẹn dúró ná, kò níí sá lọ. Ẹ̀bùnolúwa, dìde lórí ìkúnlẹ̀, n kò tíì lè súre fún ọ. Mo mọ̀ pé fríidọ́ọ̀mù rẹ la torí ẹ̀ pé jọ, ohun tí gbogbo yín sì ń retí ni kí n gbé sísọ́ọ̀sì yìí lé ọ lọ́wọ́, kí n gbàdúrà, kí ẹ ṣe àmín, kí ẹ jẹun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnu mi tó tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Dókítà ní àìsàn náà lè padà wá. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ọdún méje péré ni tèmi ti lọ, ó sì ti rẹ̀ mí. Táyé ọmọ mi, jókòó ti Nwakaego níbẹ̀ yẹn, kí o máa túmọ̀ ohun tí mo bá sọ sí Igbo fún un. Má fo ọ̀rọ̀ kankan nítorí pé èmi ni ìyá rẹ.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni Olúwayẹ́misí, Ìyá Táyé, tí gbogbo Onitsha ń pè ní Madam Patch. Ìbora tí a fi ègé aṣọ rán pọ̀ ló sọ mí di èèyàn ńlá. Ẹ ti rí i lórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ìyàwó tuntun, ẹ ti rí i lára ògiri ní ilé ọlọ́lá ní Obosi. Ẹni tó bá wò ó á ní iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ni, èmi náà ò sì sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìyá mi àgbà ní Ìsẹ́yìn ló kọ́ mi, pé ègé kọ̀ọ̀kan ni mo ń fọwọ́ gé, pé mo ń gbààwẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Iyọ̀ ni ìyá mi àgbà tà títí ó fi kú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Orí fóònù ni mo ti rí i, nínú fídíò obìnrin òyìnbó kan, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ gbọ́ ọ, nítorí láti òní lọ kì í ṣe àṣírí mọ́. Ẹ gé aṣọ mẹ́sàn-án tó dọ́gba, onígun mẹ́rin. Ẹ tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ rán wọn pọ̀ di ojú kan. Ojú náà ò ní í wuni, á dà bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Kí ẹ wá gbé sísọ́ọ̀sì, kí ẹ gé e láàárín gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tún gé e láàárín láti ọ̀tún dé òsì. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ ti rán tán ni kí ẹ gé. Ó ti di mẹ́rin. Ẹ mú méjì tó wà ní ìdojúkọ igun, kí ẹ yí wọn kí orí wọn di ìdí, kí ẹ sì rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Èèyàn á rò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ fi to àwọn ègé kéékèèké yẹn. Ti àwọn onígun mẹ́ta náà ò le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ da aṣọ méjì kojú síra wọn, ẹ rán gbogbo etí wọn yíká, ẹ gé e láti igun dé igun lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣí i, ẹ ti ní ojú mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ ò ju kí a rán gbọọrọ, kí a gé gbọọrọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá lè lo maṣíìnì á ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò tún máa pè mí ní Madam Patch? Ìdí nìyẹn tí mo fi ta kọ́tìnnì sí igun ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ti ń gé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo máa ń kó aṣọ fún wọn kí wọ́n máa fi sísọ́ọ̀sì gé onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa to ó, kí ó máa wọ́, kí n sì máa dà á nù níṣojú wọn pé ọwọ́ wọn ò tíì rọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sọ́nà tí kò débì kan ni. Ẹ̀bùnolúwa, o wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí o fi sunkún ní ọdún tó kọjá, tí mo ní kí o lọ máa gbàdúrà.

Ẹ wẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Obìnrin tó pọn ọmọ yẹn ni Àánúolúwapọ̀. Àwọn míì nínú yín mọ̀ ọ́n, àwọn tó kù ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ burúkú tí èmi fún un. Okpoko ni wọ́n bí i sí, Pidgin àti Igbo sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń wo nǹkan. Bí mo bá kó ìbora jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ojú aṣọ ni gbogbo wọn ń yìn; Àánú á yí tirẹ̀ padà, á máa wo ẹ̀yìn, níbi tí ojú ìrán wà. Ẹ̀yin télọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìn aṣọ kì í purọ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọmọ yìí ń bọ̀.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, ó ku oṣù mẹ́ta kí Àánú gba fríidọ́ọ̀mù nígbà tí Nwakaego gbé aṣọ ìyá rẹ̀ tó kú wá láti Obosi pé kí n fi rán ìbora. Abada mọ́kànlá ni, ìró àǹkárá tí màmá náà lò kẹ́yìn. Nwakaego gbé wọn sí imú kó tó gbé wọn fún mi. "Madam," ó ní, "na only this one remain wey still dey smell my mama." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ègé kọ̀ọ̀kan ni màá fi àdúrà gé. Nígbà tó lọ tán, mo kó aṣọ fún Àánú pé kó máa rán mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án pọ̀, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ló tọ́ jù, mo sì lọ ra òwú ní Ọjà Ńlá.

Òjò dá mi dúró. Kí n tó dé, Nwakaego ti padà wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo bá a ní ìdúró, ó káwọ́ lérí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ti fara ti ògiri. Lórí tábìlì, ojú kan tí Àánú ti rán tán ti di mẹ́rin.

"I see am with my two eyes," Nwakaego ń wí. "She don sew am finish. Then she carry scissors cut my mama cloth."

Àánú wà ní ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ bo àwọn ègé náà kí wọ́n má baà já bọ́. "Mọ́mì, I no spoil am," ó ní. "Ẹ yí i wò ná. Biko, ẹ jọ̀ọ́, make una turn this one and this one. Ẹ kàn yí i wò."

Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí i. Ó gé e tọ́ ju bí èmi ṣe ń gé e lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò rí fídíò kankan. Ẹ̀yìn aṣọ ló ti ka iṣẹ́ mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo nílò láti sọ: ẹ fọkàn balẹ̀, bí a ti ń ṣe é nìyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, Nwakaego á mọ̀ pé kò sí àwẹ̀, kò sí ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á sì mọ̀ pé mo ti ń rẹ́ wọn jẹ. Ẹ̀rù bà mí. Mo yíjú sí Àánú, mo ní, "Kí ni òkú fi ṣe ọ́?" Mo tún un sọ ní Igbo kí Nwakaego lè gbọ́ ọ.

Mo lé e lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ wọ́ omi òjò láti Okpoko wá, ìró rẹ̀ rin gbingbin dé orúnkún, ó kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí. N kò ní kó dìde. Bàbá Àkànní, alága ẹgbẹ́ télọ̀ wa, ẹ jókòó síbí, ẹ lè jẹ́rìí mi. Ẹ ní, "Ìyá Táyé, oṣù mẹ́ta ló kù fún ọmọ yìí, ẹ fi jin Ọlọ́run." Mo ní bí ẹgbẹ́ bá fún ẹni tó gé aṣọ òkú ní fríidọ́ọ̀mù, mo kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí kò gba fríidọ́ọ̀mù ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sì sí télọ̀ tó gbà á síṣẹ́, orúkọ tí mo fún un ti ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ibi tó lọ.

Lọ́jọ́ tí mo lé e yẹn, kí omijé Àánú tó gbẹ nílẹ̀ ni mo kó ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Bí mo ṣe rán gbogbo ìbora náà tán nìyẹn, bí Àánú ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Nwakaego tẹ́ ẹ, ó sunkún, ó gbá mi mọ́ra. "God dey your hand, Madam. You repair wetin that girl spoil." Mo ní àmín. Mo sọ ọ́ sókè.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ló burú jù. Rárá. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọwọ́ mi ní Nkpor, mo dúró kí n ra àkàrà létí títì. Mo gbọ́ ohùn kan: "Ẹ káàsán, Mọ́mì." Àánú ni, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá agbada òróró tó gbóná. Ó di àkàrà fún mi, ó béèrè ọwọ́ mi bíi pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú páálí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó fi bo ọmọ náà ni ìbora kékeré tó fọwọ́ rán láti ara àpò fúláwà àti àkísà. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni, ó gé e sí mẹ́rin, ó sì yí i. Ó rí ibi tí mò ń wò.

"Mọ́mì," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ẹ padà yí i wò?"

Mo ní, "Rárá. Mo dà á nù."

"Ó dáa, Mọ́mì. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹ ò mọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀, kò ṣe é bínú sí."

Èyí ló burú jù. Lọ́jọ́ kìíní, mo ní nǹkan tí mò ń bò. Ní Nkpor, ọwọ́ mi ti kú, n kò ní nǹkan kan mọ́, mo ṣì purọ́ fún un, ó sì fi irọ́ mi dárí jì mí.

Nwakaego, o ṣeun tí o gbé ìbora náà wá. Kò sẹ́ni tó ba aṣọ ìyá rẹ jẹ́ rí. Ojú àkọ́kọ́ tó wà ní igun òkè yẹn, Àánú ló gé e. Bàbá Àkànní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ní ohun tí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà dé ọjọ́ tí ọgbọ́n ẹlòmíràn yóò máa dẹ́rù bà yín. Ẹ̀bùn, má kúnlẹ̀ fún mi. Fún un ni kí o kúnlẹ̀. Bó bá gbà, òun ni kó gbé sísọ́ọ̀sì fún ọ. Bí kò bá sì gbà, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá bẹ̀ ẹ́.

Àánú, mi ò lè ní kí o dárí jì mí lẹ́ẹ̀kejì, torí èyí tó o ṣe lákọ̀ọ́kọ́, irọ́ ni mo fi gbà á. Ìbéèrè rẹ nìkan ni mo fẹ́ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo yí i wò. Ọjọ́ náà gan-an ni mo yí i wò. Ó bára mu láti igun dé igun, ọmọ mi, ó sì dára.