Òkú Kì Í Ka Ímeèlì

Ẹ dáwọ́ àtẹ́wọ́ yẹn dúró, ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kí ẹ dá a dúró. Ẹni tó gbé àga sí àárín fún mi kó wá gbé e kúrò, torí ìdúró ni màá fi sọ èyí. Gbogbo bí ẹ ṣe ń yìn mí láti àárọ̀, pé obìnrin tí kì í gba ìgbàkugbà ni mí, pé èmi ni òpó ààbò iléeṣẹ́ yìí, inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Òní ni mo fẹ̀yìn tì. Tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, á jẹ́ pé mo gbé e dé sàréè nìyẹn, mo sì kọ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Bàbá tó jókòó síwájú yìí, tí mo fi mọ́tò ara mi lọ gbé láàárọ̀, tí ẹ ń wò tìyanu-tìyanu, Bàbá Okùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n: òun ni àgbà gbogbo àwọn tó ń tún lífítì ṣe níbí, kí a tó lé e. Ìyá tó jókòó tì í, tó gbé ọ̀pá lé itan, ni ìyá tó máa ń gbálẹ̀ ilé gogoro tí lífítì ẹ̀yìn rẹ̀ já. Wọn ò mọ ìdí tí mo fi pè wọ́n. Àwọn méjèèjì ni mo ṣẹ̀.

Mo mọ̀ pé Iná lẹ ń pè mí lẹ́yìn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìbínú mi ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Màá kọ ímeèlì sí gbogbo yín pé ìpàdé wà, pé kí ẹ wá gba ìbọ̀wọ́ tuntun, tó bá dọjọ́ náà, ẹ ó ní ẹ ò rí i. “Mi ò rí i, mà.” “Bóyá ó ṣìnà, mà.” Ímeèlì wo ló ń ṣìnà bí àgùntàn? Mo gbà pé ẹ̀ ń kọ etí ikún sí mi torí pé obìnrin ni mí. Òótọ́ sì ni nínú àwọn kan, wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí, inú ṣì ń bí mi sí wọn títí di ìsinsìnyí. Mo wá pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa nígbà náà, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Gíláàsì, mo ní kó wá ohun tí yóò máa tú yín fó fún mi. Oríṣi mẹ́ta ló mú wá. Ọ̀kan máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ímeèlì pé ẹni tó kọ ọ́ yóò mọ̀ bí o bá ṣí i. Mo ní kó gbé e kúrò. Èkejì máa ń kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí i. Mo pòṣé. Ta ló ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ olè kó tó mú un? Ẹ̀kẹta ló wù mí: àwòrán kékeré kan ni wọ́n fi pamọ́ sínú ímeèlì náà, ojú èèyàn ò lè rí i, bí ímeèlì bá sì ti ṣí báyìí, àmì á yọ lórí kọ̀ǹpútà mi. Gíláàsì ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń sọ fún wọn. Èyí ti dà bíi ká máa yọjú wo èèyàn lójú fèrèsé.” Mo ní kó gbé e sí i fún mi, kó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Báyìí ni mo di amí nínú ọ́fíìsì ara mi, ó sì dùn mọ́ mi. Bí mo bá ti fi ímeèlì ránṣẹ́, kò ní pẹ́ tí àmì á fi máa yọ: lágbájá ti ṣí i, làkáṣègbè ti ṣí i. Gbogbo yín lẹ̀ ń ṣí i kíá. Ìgbà tí ẹ bá wá ní ẹ ò rí i, màá kàn máa wò yín, màá máa rẹ́rìn-ín sínú. Èmi tí mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mi ò bi ara mi pé òṣìṣẹ́ wo láyé yìí ló ń sáré ka ímeèlì ìpàdé. Ohun tí mo sọ ni pé, ẹ wo àwọn òpùrọ́ wọ̀nyí.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí òfin tí ẹni tó dá iléeṣẹ́ yìí sílẹ̀ fi lélẹ̀. Tún-un-sọ là ń pè é. Ọ̀rọ̀ ewu, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Wàá pe oníṣẹ́, wàá sọ ọ́ fún un, òun náà á sì fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ fún ọ kó tó di pé o gbé fóònù sílẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀. Tí mo bá pe Bàbá Okùn, yóò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, yóò wá béèrè orúnkún màmá mi, yóò ní kí n má fi ebi pa ara mi torí iṣẹ́. Èmi á máa ta pútúpútú, mo ń wò ó pé bàbá yìí ń fi àsìkò mi ṣòfò. Bí mo ṣe rí irinṣẹ́ mi, mo ní mo bọ́ lọ́wọ́ Tún-un-sọ nìyẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jíròrò rẹ̀. Mo kàn jáwọ́ nínú pípe èèyàn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ burúkú yẹn, ọmọṣẹ́ kan mú ìròyìn wá pé bíréèkì lífítì ẹ̀yìn ilé gogoro ti jẹ tán. A ti pa lífítì náà fún àtúnṣe, Bàbá Okùn ni iṣẹ́ sì kàn láti lọ tan án padà lọ́sàn-án. Mo kọ ímeèlì sí i pé kó má tan án títí a ó fi pààrọ̀ bíréèkì. Mi ò tíì yọwọ́ nínú rẹ̀ tí àmì fi yọ pé ó ti ṣí i. Mo ti gbé fóònù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ti gbé fóònù sọ́wọ́. Mo tún gbé e sílẹ̀, mo ní, ó ti rí i, kí ni mo tún fẹ́ máa gbọ́ ìtàn orúnkún fún? Bàbá Okùn sì wà nínú kòtò lífítì ilé mìíràn nígbà yẹn, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò lókè. Láti ibẹ̀ ló gba ilé gogoro lọ, ó tan lífítì bí wọ́n ṣe rán an. Ìyá yìí gbé garawa àti ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọlé. Lífítì gbéra, ó já, ó fi ìdí gbalẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá fọ́ yángá. Bàbá Okùn ní òun ò rí ímeèlì kankan, mo ní irọ́ ló ń pa.

Kó tó di pé ìgbìmọ̀ tí iléeṣẹ́ yàn láti wádìí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Gíláàsì wọlé tọ̀ mí wá, ó ní kí n wá wo nǹkan kan. Ẹ rántí ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa, tó kú. Wọn ò tíì ti àpótí ímeèlì rẹ̀ pa. Gíláàsì fi irinṣẹ́ mi kọ ímeèlì sí olóògbé náà lójú mi. Kíá, àmì yọ: ó ti ṣí i. Gíláàsì ní, “Àǹtí, òkú kì í ka ímeèlì. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ímeèlì wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀ ló ń ṣí gbogbo rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Bàbá ò purọ́.” Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo wí? Mo ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí kọ̀ǹpútà mi, bí iná bá jó mi, á jó òun náà. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún nígbà náà. Ó wolẹ̀, ó jáde, kò sì pẹ́ tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á ni. Èmi tí mo dẹ́rù bà á lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún.

Níwájú ìgbìmọ̀, mo gbé àmì náà kalẹ̀. Bàbá Okùn ní ojú òun ò kan ímeèlì yẹn. Ó ní ká ní ọ̀gá pe òun ni, òun ì bá ti tún un sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, torí ibi tí òtítọ́ wà gan-an ló fọwọ́ bà. Mo wá dá a lóhùn, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀rọ wá ń purọ́ mọ́ yín ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ẹ̀ ń kùn. Ẹ dúró ná, èyí tó burú jù ò tíì dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Okùn gbọ́ pé mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Inú bí mi bí mo ṣe rí i, mo ti to ọ̀rọ̀ líle sẹ́nu dè é. Kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní, “Ọ̀gá, mo wá tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Mo ti rò ó títí. Bóyá mo kà á lóòótọ́, tí ogbó jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sínú.” Ó ní òun kì í gbé ọmọ-ọmọ òun mọ́, torí ẹni tó lè ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kó sì gbàgbé, ó lè gbàgbé ọmọ síbi kan. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà fún un, á ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Èmi ni mo gba orí bàbá yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì la ẹnu láti sọ òtítọ́, ohun tó jáde ni pé, “Ó ti tán, Bàbá. Mo ti dárí jì yín.” Mo dárí jì í! Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kó má baà pariwo sí mi létí.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó gba ipò yìí, mi ò ní kí ẹ má bínú, ìbínú ò ní tán nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣọ́ ẹni tí ẹ lè pè. Àwọn ọ̀gá, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún yín, ohun tó bá yẹ mí, ẹ fi ṣe mí. Ìyá, mo tọrọ àforíjì ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ bá kọ̀, ẹjọ́ yín kọ́.

Bàbá Okùn, ẹ má sunkún. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sunkún níbí. Ọ̀rọ̀ ewu ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹnu ni mo sì fi fẹ́ sọ ọ́, bí ó ti yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kò rí ímeèlì náà. Ẹ kò gbàgbé ohunkóhun. Orí yín pé. Bí ẹ bá délé, ẹ gbé ọmọ-ọmọ yín. Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi.