Bí Ẹgbẹ́ Àwa Apòògùn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Gan-an

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì ń dùn mí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ àwa apòògùn Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó yóò ṣe ayẹyẹ, èmi ni wọ́n sì ní kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́. Ohun tí gbogbo wọn gbọ́ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan jókòó, wọ́n ro ọjọ́ ọ̀la iṣẹ́ wa, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀.

Oyún àkọ́bí mi ló fà á. Nígbà náà, èmi nìkan ni apòògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkọ̀lé, òfin sì ni pé bí apòògùn ò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀kùn. Bí mo bá wá lọ bímọ, ta ni yóò fún àwọn arúgbó wa lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sún mọ́ tèmi jù ni Bọ̀dá Káyọ̀dé, apòògùn tó wà l'Ọ̀yẹ́. A ò sì kí ara wa, torí ó ti sọ fáwọn oníbàárà mi pé ojú mi le jù. Ojú mi le lóòótọ́, àmọ́ ta ló rán an? Mo gbé ikùn ńlá wọ ọkọ̀, mo lọ bá a. Ó wo ikùn mi, ó ní, "Lọ ulé, lọ bímọ. Mà á bá ọ ṣe uṣẹ́ rẹ." Obìnrin kan láti Ìdó, apòògùn tí kò tíì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ló ń dúró fún un l'Ọ̀yẹ́ láwọn ọjọ́ tí Bọ̀dá bá wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́yìn tí mo bímọ, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi làwọn méjèèjì ti wá pín ọjọ́. Ọmọ ń ké, àwa ń jiyàn. Ìpàdé àkọ́kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ká máa dúró fún ara wa.

Nígbà tí Bọ̀dá di alága, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ ńlá ńlá bo ìtàn náà mọ́lẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé oògùn sí Ìpáò, nítòsí Ìkọ̀lé, wá kí mi. Oyún rẹ̀ ti tó bí. Ó ní òun máa ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, bóyá òun ò sì ní lè ṣí i mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹgbẹ́. Ó ní, "Mà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣé ọ̀rọ̀ oyún ni mo fẹ́ gbé lọ bá wọn?" Ó dùn mí wọra.

Mo pe Bọ̀dá lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ sọ ìtàn náà bó ṣe rí gan-an. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní kí n sọ òótọ́, àmọ́ kí n fo ìjà wa, torí àwọn ọmọ òun máa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti di ẹ̀gbọ́n fún mi, mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò sì fẹ́ dójú tì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá fo ìjà náà, ṣé ọmọ Ìpáò ò ní rò pé ọ̀rẹ́ nìkan là ń dúró fún?